Orí Keje: Fífi Ọ̀rọ̀ Lọ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Nígbà Tí A Bá Ń Ṣètò Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì

Èròńgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè:
1. ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹgbẹ́ onímọ̀ nọ́ọ̀sì àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nọ́ọ̀sì;
2. sọ ohun tí Àdéhùn nọ́ńbà 149 àti Ìmọ̀ràn nọ́ńbà 157 ti Àjọ Àgbáyé fún Ètò Iṣẹ́ (ILO) wí nípa fífọ̀rọ̀ lọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́;
3. tọ́ka sí ìmọ̀ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní tí kì í sábà sí lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ ìlànà;
4. fi àpẹẹrẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Nàìjíríà ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìfọ̀rọ̀lọ̀ bá pẹ́ dé;
5. to àwọn ìgbésẹ̀ ìfọ̀rọ̀lọ̀ tó péye lẹ́sẹẹsẹ, kó sì sọ ààlà tó yẹ kó ní.

7.1 Ìfáàrà

Bí ìjọba bá fẹ́ yí ètò ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì padà, àwọn tó sábà máa ń jókòó ṣèpàdé ni àwọn òṣìṣẹ́ àgbà ilé iṣẹ́ ìlera, àwọn ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn aṣojú àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ, àti nígbà mìíràn àwọn onímọ̀ràn láti òkè òkun. Wọ́n á pinnu iye ọdún tí ẹ̀kọ́ náà yóò gbà, iye akẹ́kọ̀ọ́ tí iléewé kọ̀ọ̀kan lè gbà wọlé, iye wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò ní wọ́ọ̀dù, àti irú ìwé ẹ̀rí tí yóò gbà jáde. Ìwé ìlànà á jáde, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn. Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó wọ́ọ̀dù tó lè kọ́kọ́ gbọ́ pé láti oṣù tó ń bọ̀, òun ni yóò máa kọ́ ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́ iṣẹ́ tó ti wà lọ́rùn òun tẹ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìlànà ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń kan àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọ̀nà mẹ́ta: àwọn ni wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, àwọn ni yóò bá ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ṣiṣẹ́, ìwé ẹ̀rí tiwọn náà sì ni ipò rẹ̀ lè yí padà nígbà tí ìwé ẹ̀rí tuntun bá dé. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ohùn wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí orí yìí yóò fi hàn ni pé àkókò tí a fọ̀rọ̀ lọ ẹgbẹ́ ṣe pàtàkì ju iye ìpàdé tí a bá wọn ṣe lọ. Ìjíròrò tó wáyé nígbà tí ìpinnu kò tíì dì lè mú kí ìlànà sàn. Èyí tó wáyé lẹ́yìn tí ìpinnu ti dì, ìkéde ni, bó ti wù kí àga tí a tò sí yàrá ìpàdé pọ̀ tó.

7.2 Àwọn àjọ mẹ́ta, àti ọ̀nà mẹ́ta tí a ń gbà bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń da àwọn àjọ inú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ra wọn. Ó yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ kí á tó lọ jìnnà.

Èkíní ni àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́. Òfin ló dá a sílẹ̀. Ó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó ń ṣètò ìdánwò, ó ń yẹ iléewé wò, ó sì lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣìwà hù. Ààbò aráàlú ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1979 ló pa ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti ti àwọn agbẹ̀bí, tí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀, pọ̀ di Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà kan ṣoṣo.

Èkejì ni ẹgbẹ́ onímọ̀. Ìlọsíwájú ìmọ̀ iṣẹ́ náà ló jẹ ẹ́ lógún: àpérò, ìwádìí, ìwé ìròyìn iṣẹ́ àti ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àjọ Àgbáyé Àwọn Nọ́ọ̀sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1899, ni àwọn ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ para pọ̀ sí.

Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Òun ló ń dúnàádúrà lórí owó oṣù, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, ìgbéga àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́. Ní Nàìjíríà, NANNM ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Abala 40 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ tàbí láti wọ inú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan lè ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀. Royal College of Nursing ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916, jẹ́ ẹgbẹ́ onímọ̀, ó sì tún jẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ kò lè dúró gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láéláé. Nítorí náà, ìjọba tó bá sọ pé òun ti bá àwọn nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ nítorí pé nọ́ọ̀sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń fúnni níwèé àṣẹ, kò tíì fọ̀rọ̀ lọ òṣìṣẹ́.

Ọ̀nà tí a ń gbà bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ náà pín sí mẹ́ta. Ìfitónilétí ni kí ìjọba sọ ohun tó ti pinnu fún wọn. Ìfọ̀rọ̀lọ̀ ni kó gbé àbá kalẹ̀, kó gbọ́ èsì, kó gbé èsì náà yẹ̀ wò tinútinú, kó sì sọ ìdí tó fi gba apá kan tàbí tó fi kọ̀ ọ́. Agbára ìpinnu ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdúnàádúrà ni kí apá méjèèjì jókòó títí wọn yóò fi fẹnu kò, tí wọn yóò sì tọwọ́ bọ̀wé. Ètò ẹ̀kọ́ sábà máa ń wà lábẹ́ ìfọ̀rọ̀lọ̀. Owó àti wákàtí iṣẹ́ máa ń wà lábẹ́ ìdúnàádúrà. A óò rí i níwájú pé ààlà tó wà láàárín àwọn méjèèjì kì í fìgbà gbogbo hàn gbangba.

7.3 Ohun tí òfin àgbáyé wí

Àjọ Àgbáyé fún Ètò Iṣẹ́, tí a mọ̀ sí ILO, ni wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn àjọ àgbáyé ni pé ìjọba, agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ni wọ́n jọ ń jókòó níbẹ̀, tí wọ́n sì jọ ń dìbò. Ní oṣù kẹfà ọdún 1977, ní Geneva, ìpàdé gbogbogbòò àjọ náà gba ìwé méjì wọlé lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: Àdéhùn nọ́ńbà 149 àti Ìmọ̀ràn nọ́ńbà 157. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1979. Ìyàtọ̀ wọn ni pé Àdéhùn ń de orílẹ̀-èdè tó bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, nígbà tí Ìmọ̀ràn jẹ́ ìtọ́sọ́nà fún gbogbo wọn.

Abala 2 Àdéhùn náà ni kókó. Ó ní kí orílẹ̀-èdè ṣe ìlànà kan lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí yóò mú kí ìtọ́jú pọ̀ tó, kó sì dára tó, fún ìlera àwọn ará ìlú. Ìlànà yẹn gbọ́dọ̀ pèsè ohun méjì: ẹ̀kọ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bá iṣẹ́ wọn mu, àti ipò iṣẹ́, títí kan owó oṣù àti ìgbéga, tí yóò fa ènìyàn wá sínú iṣẹ́ náà, tí yóò sì mú wọn dúró nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé ìfọ̀rọ̀lọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn, níbi tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, ni kí wọ́n fi ṣe ìlànà náà.

Kíyè sí bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀kọ́ àti ipò iṣẹ́ wà nínú ìlànà kan ṣoṣo. Kò sí àyè fún ìjọba láti sọ pé owó oṣù nìkan ni òun yóò bá ẹgbẹ́ sọ, pé ọ̀rọ̀ iléewé kò kàn wọ́n.

Abala 3 ní kí òfin, tàbí àjọ tí òfin fún lágbára, la ohun tí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ní sílẹ̀. Abala 5 ní kí wọ́n mú kí àwọn nọ́ọ̀sì kópa nínú ètò iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì máa fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n lórí ìpinnu tó bá kàn wọ́n. Bí èdè àìyedè bá sì wà, ìdúnàádúrà tàbí ìlàjà tí kò ṣègbè ni kí wọ́n fi yanjú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn nọ́ńbà 157 ṣe àlàyé tó kún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí àwọn aṣojú nọ́ọ̀sì tó tóótun, tàbí ti ẹgbẹ́ tó ń ṣojú wọn, lọ́wọ́ sí ìgbékalẹ̀ ìlànà iṣẹ́ náà àti ìmúṣẹ rẹ̀, títí kan ìlànà ẹ̀kọ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó fẹ́ kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wà lábẹ́ ètò ẹ̀kọ́ gbogbogbòò orílẹ̀-èdè, ní ìpele kan náà pẹ̀lú ti àwọn iṣẹ́ mìíràn tó jọ ọ́. Nípa akẹ́kọ̀ọ́, ó sọ ohun tó yẹ kí gbogbo ọ̀gá iléewé mọ̀: a kò gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní wọ́ọ̀dù dí àlàfo òṣìṣẹ́ tí kò tó, iṣẹ́ tó bá ìwọ̀n ìmọ̀ rẹ̀ mu nìkan sì ni kí a máa gbé fún un.

Ìwé mìíràn tó tún bá ọ̀rọ̀ yìí lọ ni Àdéhùn nọ́ńbà 144 ti ọdún 1976, tó dá lórí ìfọ̀rọ̀lọ̀ láàárín ìjọba, agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ lórí àwọn òfin ILO. Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní 1994. Àdéhùn nọ́ńbà 87 àti 98, tó fún òṣìṣẹ́ ní òmìnira láti kẹ́gbẹ́ àti láti dúnàádúrà, ni Nàìjíríà ti fọwọ́ sí láti oṣù kẹwàá ọdún 1960, oṣù tí a gba òmìnira gan-an. Ghana àti Kenya wà lára àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ti tọwọ́ bọ Àdéhùn nọ́ńbà 149. Nàìjíríà kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, Ìmọ̀ràn nọ́ńbà 157 ṣì jẹ́ òṣùwọ̀n tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi wọn ìlànà orílẹ̀-èdè èyíkéyìí.

7.4 Kí ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ̀?

Ẹni tó bá rò pé nítorí ẹ̀tọ́ nìkan la fi ń pe ẹgbẹ́ sí ìpàdé kò tíì rí gbogbo rẹ̀. Ìmọ̀ wà lọ́wọ́ wọn tí kò sí nínú fáìlì ilé iṣẹ́ ìlera. Ẹ jẹ́ ká gbé márùn-ún yẹ̀ wò.

(a) Agbára wọ́ọ̀dù láti kọ́ ènìyàn. Iye akẹ́kọ̀ọ́ tí iléewé lè gbà kò dúró lórí iye àga tó wà ní kíláàsì nìkan. Ó dúró lórí iye nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tó lè dúró ti akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó bá ń kọ́ bí a ṣe ń fi dírípù sí ara, bí a ṣe ń wẹ ojú egbò, bí a ṣe ń ṣírò ìwọ̀n oògùn ọmọdé. Ìwé àkọsílẹ̀ lè sọ pé nọ́ọ̀sì mẹ́fà ló wà ní wọ́ọ̀dù kan. Aṣojú ẹgbẹ́ ló mọ̀ pé méjì nínú wọn ti rìnrìn àjò, tí ẹnì kan wà ní ìsinmi ìbímọ, tó fi jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá iṣẹ́ alẹ́ ṣe.

(b) Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe gan-an. Nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì wà ní wọ́ọ̀dù láti kọ́ iṣẹ́. Níbi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti tó, ó lè di ẹni tí wọ́n ń rán lọ sí ilé oògùn àti yàrá àyẹ̀wò láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tàbí kí wọ́n fi wọ́ọ̀dù lé e lọ́wọ́ láìsí ẹni tó ń wò ó. Ohun tí Ìmọ̀ràn nọ́ńbà 157 kọ̀ nìyí. Àwọn tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ rí i.

(d) Ọ̀nà àtigòkè fún àwọn tó ti gboyè tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí tuntun bá dé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí nọ́ọ̀sì tó ti lo ogún ọdún pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ti tẹ́lẹ̀? Ta ni yóò fún un láàyè láti padà sí iléewé? Ṣé owó oṣù rẹ̀ yóò dúró? Bí ìlànà kò bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, àwọn àgbà inú iṣẹ́ yóò kórìíra ìyípadà náà, àwọn kan náà tí a sì retí pé kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni.

(e) Àlàfo láàárín ẹ̀kọ́ àti irinṣẹ́. Kò sí àǹfààní nínú kíkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà kan tí irinṣẹ́ rẹ̀ kò sí ní ilé ìwòsàn tí yóò ti ṣiṣẹ́, láì kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe nígbà tí irinṣẹ́ náà kò bá sí. Àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mọ ohun tó wà ní ilé ìtọ́jú abúlé ju ẹni tó wà ní Àbújá lọ.

(ẹ) Ìdí tí ènìyàn fi ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ iṣẹ́ sílẹ̀ lè má sọ òótọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí kò bá mọ ìdí tí àwọn tó ti kọ́ fi ń lọ, agbọ̀n tó ń jò ló ń pọnmi sí.

7.5 Àpẹẹrẹ kìn-ín-ní: owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba ló ń san owó iléewé akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń fún wọn ní owó ìrànwọ́ tí wọn kò ní dá padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, mínísítà ètò ìṣúná nígbà náà, George Osborne, kéde pé ètò yẹn yóò dópin. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2017, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun yóò máa yá owó bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì. Àlàyé ìjọba ni pé nígbà tí kò bá sí òté lórí owó tí ìjọba ń san mọ́, yunifásítì á lè gba akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ sí i.

Ìfọ̀rọ̀lọ̀ wáyé, ní 2016. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n gbé kalẹ̀ kì í ṣe bóyá kí owó ìrànwọ́ dópin tàbí kó má dópin. Ọ̀nà tí wọn yóò gbà mú un ṣẹ ni wọ́n béèrè. Royal College of Nursing àti UNISON, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó tóbi níbẹ̀, kìlọ̀ pé gbèsè yóò lé àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ àti àwọn tó ti bímọ sẹ́yìn, àwọn tó sì máa ń pọ̀ láàárín akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n tún rán ìjọba létí pé akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kò ráyè ṣe iṣẹ́ àṣekún bíi ti àwọn yòókù, nítorí pé ìdajì ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni yóò fi wà ní wọ́ọ̀dù.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, iye àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó béèrè láti kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì fi nǹkan bí 23% dín sí ti ọdún tó ṣáájú. Scotland ní tirẹ̀ kò fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, ìjọba kéde pé láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì yóò tún máa gba owó tí kò ní dá padà, ó kéré tán £5,000 lọ́dún.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe pé ẹgbẹ́ máa ń tọ̀nà ní gbogbo ìgbà. Ohun tó kọ́ wa ni pé ìkìlọ̀ wọn wá lákòókò tí kò lè yí ìpinnu padà mọ́, nítorí pé a ti yọ ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù kúrò nínú ohun tí a bi wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí sì kan ilé Yorùbá púpọ̀, nítorí pé àwọn ọmọ wa tó ń gbé London àti Manchester wà lára àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀.

7.6 Àpẹẹrẹ kejì: Nàìjíríà

Ní ilẹ̀ wa, kì í ṣe òní ni olórí ẹgbẹ́ àti olùkọ́ nọ́ọ̀sì ti ń jẹ́ ẹnì kan náà. Kofoworola Abẹ́ní Pratt, tó kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátírọ́ọ̀nù ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ó wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì nígbà ayé rẹ̀, ó sì ní ọwọ́ nínú bí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965. Lákòókò yẹn, ẹni tó ń sọ ẹ̀dùn ọkàn nọ́ọ̀sì ló tún ń ronú nípa ohun tí nọ́ọ̀sì yóò kọ́.

Ní ọdún àìpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló fi hàn bí ìfọ̀rọ̀lọ̀ ṣe ṣe kókó.

Àkọ́kọ́ ni ìlànà ìjẹ́rìísí ìwé ẹ̀rí. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí gbé ìlànà tuntun jáde fún nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún àjọ nọ́ọ̀sì òkè òkun. Ó gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, ó kéré tán, lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀, àyẹ̀wò náà yóò sì gbà tó oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ni wọ́n ní ìlànà náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìwé náà jáde tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fẹ̀hónú hàn ní Àbújá àti Èkó. Ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé ìbéèrè gidi wà lẹ́yìn ìlànà náà: báwo ni orílẹ̀-èdè tó ná owó sórí ẹ̀kọ́ yóò ṣe jèrè rẹ̀? Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín ìkéde àti ìbẹ̀rẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún ìdáhùn tí gbogbo ènìyàn lè bá rìn.

Ìkejì ni àlékún iye akẹ́kọ̀ọ́. Ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye àwọn tí àwọn iléewé ìlera lè gbà wọlé lọ́dún, nọ́ọ̀sì àti àwọn yòókù, ti kúrò ní 28,000 ó di 64,000. Èrò rere ni. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 sọ pé nọ́ọ̀sì tó wà láyé jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 27.9, àti pé mílíọ̀nù 5.9 ló kù kí wọ́n tó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá fi ìlọ́po méjì pọ̀ sí i, wọ́ọ̀dù tí wọn yóò ti kọ́ṣẹ́ àti nọ́ọ̀sì tí yóò kọ́ wọn gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ìbéèrè tí a là sílẹ̀ ní 7.4 (a) nìyẹn, kò sì sí bí a ṣe lè dáhùn rẹ̀ dáadáa láì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù.

Ìkẹta ni ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ tí NANNM bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2025. Ọjọ́ méje ni wọ́n dá. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ni wọ́n dá a dúró lẹ́yìn ìjíròrò pẹ̀lú ìjọba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ nípa owó àjẹmọ́nú tí wọ́n béèrè fún. Ohun méjì mìíràn wà nínú ìbéèrè wọn tó kan ẹ̀kọ́ gan-an. Wọ́n fẹ́ kí ìjọba tẹ ìwé ètò ìgbéga nọ́ọ̀sì jáde nínú ìwé ìkéde ìjọba, kí ipò tí ìwé ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan yẹ fún lè dájú. Wọ́n tún fẹ́ kí ẹ̀ka nọ́ọ̀sì wà fúnra rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀, kí ohùn nọ́ọ̀sì lè wà níbi tí a ti ń kọ ìlànà. Níhìn-ín ni ààlà láàárín ìfọ̀rọ̀lọ̀ àti ìdúnàádúrà ti ń parẹ́: ohun tí a kò jíròrò nígbà tí a ń ṣètò ẹ̀kọ́ lè padà wá di ohun tí a ń fi ìyanṣẹ́lódì béèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ojú yìí kan náà wo ìyípadà tó ń bá àwọn iléewé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń di kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní ND àti HND. Ipò wo ni ẹni tó bá gba HND yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó gba dìgírì? Ìbéèrè ẹ̀kọ́ ni. Ìbéèrè iṣẹ́ sì ni pẹ̀lú.

7.7 Ìgbésẹ̀ ìfọ̀rọ̀lọ̀ tó péye

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn aládàáni, agbẹ̀bí, olùkọ́, àwọn agbanisíṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ẹgbẹ́ ni yóò yan aṣojú rẹ̀. Ìjọba kò gbọ́dọ̀ bá a yàn án.

Ìgbésẹ̀ kejì: Gbé ìṣòro kalẹ̀ kí o tó gbé àbá kalẹ̀. Bí gbogbo ènìyàn kò bá fẹnu kò lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọn kò ní fẹnu kò lórí oògùn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Fún wọn ní ìwé, iye owó àti àkókò. Aṣojú tó gba ìwé ogójì ojú ewé ní alẹ́ ọjọ́ tí ìpàdé ku ọ̀la kò lè bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́. Ó yẹ kí àkókò tó fún ẹ̀ka ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ láti ṣèpàdé, kí èsì wọn sì dé òkè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Jókòó jíròrò lórí ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ni ẹgbẹ́ lè sọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Fi èsì ránṣẹ́ ní kíkọ. Kí ìjọba sọ ohun tó gbà, ohun tó kọ̀, àti ìdí. Ibí yìí ni a ti ń mọ ìfọ̀rọ̀lọ̀ òtítọ́ yàtọ̀ sí ti ojú ayé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Dán an wò ní ibi díẹ̀, kí ẹgbẹ́ sì wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ìmọ̀ràn nọ́ńbà 157 sọ̀rọ̀ nípa ìgbékalẹ̀ àti ìmúṣẹ pọ̀. Iṣẹ́ aṣojú kò parí ní ọjọ́ tí ìwé ìlànà jáde.

7.8 Ààlà àti ìṣòro

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í ṣe áńgẹ́lì. Àǹfààní ọmọ ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ ń rò, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni. Ó lè tako ìpele ìwé ẹ̀rí tó ga nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní in. Ó lè tako kí a kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì níṣẹ́ púpọ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìtọ́jú abúlé nílò wọn. Níbi tí ẹgbẹ́ bá ju ẹyọ kan lọ, wọ́n lè máa bára wọn díje dípò kí wọ́n dáhùn ìbéèrè. Àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́, bíi nọ́ọ̀sì púpọ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti aláìsàn fúnra wọn, lè má rí ẹni tí yóò sọ tiwọn.

Ìdáhùn sí gbogbo èyí ni kí a fi kún àwọn tó wà ní ìpàdé. Kò yẹ ká lé ẹgbẹ́ kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí Àdéhùn nọ́ńbà 149 fi dárúkọ agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ pọ̀, tó sì ní kí ìlànà nọ́ọ̀sì bá ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù mu. Ìdí náà sì nìyí tí agbára ìpinnu fi wà lọ́wọ́ ìjọba: ẹni tí aráàlú yàn ló gbọ́dọ̀ wọn àǹfààní gbogbo wọn papọ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ni kí a gbọ́ ọ nígbà tí gbígbọ́ rẹ̀ ṣì lè yí nǹkan padà.

7.9 Àkótán

Àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ, ẹgbẹ́ onímọ̀ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yàtọ̀ síra. Àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ kò lè dípò ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àdéhùn nọ́ńbà 149 so ẹ̀kọ́ àti ipò iṣẹ́ pọ̀ nínú ìlànà kan, ó sì ní ìfọ̀rọ̀lọ̀ ni kí a fi ṣe é. Ìmọ̀ràn nọ́ńbà 157 dárúkọ ẹ̀kọ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní pàtó, ó sì dáàbò bo akẹ́kọ̀ọ́. Ìmọ̀ nípa agbára wọ́ọ̀dù, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀nà ìgbéga, irinṣẹ́ àti ìdí tí ènìyàn fi ń lọ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ìfọ̀rọ̀lọ̀ tó bá yọ ìbéèrè pàtàkì sílẹ̀ kò wúlò. Nàìjíríà fi hàn pé ohun tí a kò bá jíròrò lásìkò lè padà wá bí ìfẹ̀hónúhàn tàbí ìyanṣẹ́lódì.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìfitónilétí, ìfọ̀rọ̀lọ̀ àti ìdúnàádúrà? Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àpẹẹrẹ kan láti inú ètò ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.
2. Ṣàlàyé ìdí tí nọ́ọ̀sì tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń fúnni níwèé àṣẹ kò fi lè dípò aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.
3. Abala 2 Àdéhùn nọ́ńbà 149 so ẹ̀kọ́ mọ́ ipò iṣẹ́. Kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí orílẹ̀-èdè bá tún ọ̀kan ṣe láìfọwọ́ kan èkejì?
4. Fi ìgbésẹ̀ mẹ́fà tó wà ní 7.7 yẹ ìlànà ìjẹ́rìísí ìwé ẹ̀rí ti 2024 wò. Ìgbésẹ̀ wo ni o rò pé ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀?
5. "Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò yẹ kó dá sí ọ̀rọ̀ ohun tí a ń kọ́ ní kíláàsì." Jiyàn lórí èrò yìí: kọ́kọ́ gbè é lẹ́yìn, lẹ́yìn náà kí o takò ó, kí o tó sọ ibi tí ìwọ fúnra rẹ dúró sí.
6. Iṣẹ́ ẹgbẹ́: Ẹ pín ara yín sí mẹ́rin: ìjọba, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì àti akẹ́kọ̀ọ́. Ìjọba fẹ́ fi ìlọ́po méjì kún iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọlé. Ẹ ṣe ìpàdé ìfọ̀rọ̀lọ̀ kan, kí ẹni tó ṣojú ìjọba sì kọ èsì ojú ewé kan tó sọ ohun tó gbà, ohun tó kọ̀ àti ìdí rẹ̀.
7. Iṣẹ́ ìta: Ẹ lọ bá alága ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba kan tó súnmọ́ yín. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n kẹ́yìn lórí ètò ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n sọ, àti bóyá wọ́n gbọ́ èsì. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ aláṣẹ ilé ìwòsàn kí ẹ tó lọ, ẹ má sì kọ orúkọ aláìsàn kankan sínú ìjábọ̀ yín.